Ọwọ́ Tí Kò Kan Ìdọ̀tí Rí

Ìríra ló mú Túnráyọ̀ pàdé Mánsúrù. Àwọn kan ń pàdé olólùfẹ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn ń pàdé tiwọn níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó ń rùn ní Agbowó ni tirẹ̀, èébì ló sì fi kí ọkùnrin náà.

Oṣù kẹfà ni, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Túnráyọ̀ ń bọ̀ láti kíláàsì ní yunifásítì, ó fẹ́ sọdá lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Agbowó. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé, nítorí gọ́tà ti kún bo ojú títì: ọ̀rá omi, ìgò ohun mímu, páálí oúnjẹ, gbogbo ohun tí àwọn èèyàn jẹ tán tí wọ́n ní òjò ni yóò bá àwọn gbé e lọ. Láti kékeré ni ara Túnráyọ̀ ti kọ ìdọ̀tí. Kì í mu omi nínú ife tí ẹlòmíràn ti mu. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń rí i lára ju ìdọ̀tí lọ ni àwọn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn á fọwọ́ bomú, wọn á tutọ́, wọn á pòṣé sí ìjọba, wọn á sì ju ọ̀rá tọwọ́ wọn sí i kí wọ́n tó lọ.

Ọkùnrin kan wà nínú gọ́tà náà dé ìtan. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó ga dé ìgúnpá, ó ń fi ìwọ̀ onírin gígùn kan fa nǹkan jáde. Bí Túnráyọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó fa ìlédìí ọmọ ọwọ́ kan sókè, ó ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú. Ìlédìí náà já, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Túnráyọ̀ gbìyànjú láti yíjú, kò tètè yí i, ló bá bì sórí ìbọ̀wọ́ ọkùnrin náà gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ó wí, ojú tì í dé ẹsẹ̀.

Ọkùnrin náà wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Nínú gbogbo ohun tí mo ti fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí, tìrẹ ló mọ́ jù."

Ó gòkè, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì fa omi inú ọ̀rá kan yọ láti inú báàgì rẹ̀ fún un. Nígbà tí Túnráyọ̀ mu ún tán, ó ń wo ọ̀tún wo òsì fún ibi tí yóò ju ọ̀rá náà sí. Ọkùnrin náà nawọ́ gbà á, ó ká a, ó fi sí àpò ṣòkòtò ara rẹ̀. Túnráyọ̀ wò ó. Kò tíì rí ọkùnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìlú Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí.

Mánsúrù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Òun ni olórí àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé tí wọ́n ń pè ní Odòmímọ́ ṣí ojú gọ́tà àti odò tó bá dí. Túnráyọ̀ sọ fún un pé ẹ̀kọ́ nípa àyíká ni òun ń kọ́, pé òun ti wà ní ọdún kẹta.

"Wọ́n máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa nígbà ìsinmi gígùn," ni Mánsúrù wí. "Oṣù mẹ́ta ni. Wọ́n á kọ́ yín níṣẹ́, wọ́n á sì máa sanwó fún yín lóṣooṣù. Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù máa kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ìwọ..." Ó wo ilẹ̀.

"Èmi kí ni?"

"O ń bì."

"Mo ń bì lóòótọ́. Ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹni tó ń bì ò gbọdọ̀ wá ni?"

Mánsúrù tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá Túnráyọ̀ délé.

Ilé wọn ní Bódìjà kì í rùn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Mètírọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, opó ni wọ́n, Túnráyọ̀ nìkan ni wọ́n sì bí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí ilẹ̀ ilé. Nígbà tí Túnráyọ̀ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún wọn, ńṣe ni wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀.

"Gọ́tà? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọ egbò àti ìgbẹ́ onígbẹ̀ẹ́, kí ọmọ mi má baà fọwọ́ kàn án. Ìwọ wá fẹ́ fowó ọkọ̀ wá a lọ?"

"Mọ́mì, wọ́n á sanwó. Wọ́n á sì kọ́ mi níṣẹ́."

"Mo mọ ohun tó ń bẹ nínú omi yẹn. Onígbáméjì ń bẹ níbẹ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń bẹ níbẹ̀. Ta ló sì máa fẹ́ obìnrin tó ń rùn? Ìyá Gbádérọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn ni. Ọmọ wọn ti ṣe tán láti gbéyàwó."

Gbádérọ̀ ń ta ọkọ̀ ní Ring Road, aṣọ rẹ̀ kì í hunjọ, ó sì mọ àgbà á kí. Túnráyọ̀ ò rí àbùkù kankan lára rẹ̀ nígbà náà. Ó kàn wọlé lọ kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni.

Orí fóònù ni fọ́ọ̀mù náà wà. Wọ́n bèèrè pé kí ló dé tí ó fi fẹ́ iṣẹ́ yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ ọ́ pé àwọn nífẹ̀ẹ́ àyíká láti inú oyún. Túnráyọ̀ ro ó títí, ó wá kọ ọ́ pé: "Ìdọ̀tí ń rí mi lára. Mo fẹ́ kó tán." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó fi orúkọ onígbọ̀wọ́ sílẹ̀, àgbàlagbà kan tí kì í ṣe òbí, tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún márùn-ún, tí àwọn lè pè láti bèèrè ìwà rẹ̀. Ó kọ orúkọ Màmá Agbowó, nítorí ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n sì kọ́ ọ ní ìwé kejì.

Ibi tí ó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyẹn. Nínú ẹbí wọn, bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin, Màmá Agbowó ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ bi léèrè. Ọmọbìnrin márùn-ún ni ẹnu wọn ti gbé dé ilé ọkọ. Túnráyọ̀ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹnì kan máa pè yín nítorí mi. Ẹ bá mi sọ ọ́ dáadáa o."

"Ìyẹn náà lo fi ń tijú? Ìyá rẹ ti sọ fún mi. Fi sílẹ̀ fún mi."

Inú Túnráyọ̀ dùn. Ó ṣe bí ìyá òun ti rọ̀ nípa iṣẹ́ náà ni. Kò bèèrè ohun tí ìyá rẹ̀ sọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Mánsúrù ń pè é lójoojúmọ́. Wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun lẹ́bàá ọjà Bódìjà, ẹnu Túnráyọ̀ sì ń yá ju bó ṣe máa ń yá lọ. Ní ọjọ́ kan, Túnráyọ̀ ní kí ó bá òun bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Mi ò ní sọ nǹkan kan," ni Mánsúrù fèsì. "Tí mo bá tì ọ́ wọlé, gbogbo ìgbà tí o bá ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n á máa ní èmi ni. Wọlé fúnra rẹ."

Ó bínú sí i fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà ti ibi iṣẹ́ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n bí ó ṣe sún mọ́ Túnráyọ̀, òórùn gọ́tà ṣì wà lábẹ́ òórùn ọṣẹ. Túnráyọ̀ ò mọ ìgbà tí imú rẹ̀ fà sẹ́yìn. Mánsúrù rí i. Ó kàn sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibẹ̀. Túnráyọ̀ dé ilé, ó kórìíra imú ara rẹ̀. Ṣé ó lè bá òórùn yìí gbé títí ọjọ́ alẹ́? Ó ń sọ pé àwọn tó ń bomú kọjá ń rí òun lára, òun náà kọ́ ló bomú yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni Gbádérọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé e. Mètírọ̀n ló ti ṣètò rẹ̀. Wọ́n ra ìrẹsì àti adìyẹ díndín ní Challenge, wọ́n jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Gbádérọ̀ kó eegun, páálí àti ìgò sínú ọ̀rá kan, ó dì í pinpin. Túnráyọ̀ sọ ní ọkàn rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ní làákàyè. Wọ́n dé orí afárá kan. Gbádérọ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ju ọ̀rá náà sínú odò, ó sì gbé gíláàsì padà.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ọ̀rá tẹ́ ẹ jù sódò."

"Ṣé kí n jẹ́ kó máa rùn sínú ọkọ̀ mi ni? Òjò á gbé e lọ." Ó fa ìwé ìnuwọ́ olóòórùn dídùn yọ, ó nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá di ọwọ́ Túnráyọ̀ mú. "Wo ọwọ́ rẹ, ó rọ̀ bí òwú. Mọ́mì yín sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gọ́tà kan fún mi. Gbàgbé ẹ̀. Irú ọwọ́ báyìí ò gbọdọ̀ kan ìdọ̀tí."

Ìríra tó mú Túnráyọ̀ lọ́jọ́ náà ju ti ìlédìí ọmọ lọ. Ó wù ú kó bì sórí àga aláwọ tó ń dán náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó fẹ́ bì gan-an ni èébì kọ̀ tí kò jáde. Ó ní kí Gbádérọ̀ sọ òun kalẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni èsì dé láti Odòmímọ́: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò lè gbà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó pe Mánsúrù.

"Ọ̀gá wa ní onígbọ̀wọ́ rẹ fúnra rẹ̀ ló ní o ò lè ṣe iṣẹ́ náà," ni Mánsúrù wí. "Ọ̀sán ọ̀la ni wọ́n máa buwọ́ lu orúkọ àwọn tí wọ́n mú. Mi ò lè bá ẹ bẹ̀ wọ́n, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni."

Túnráyọ̀ sáré dé Agbowó. Màmá Agbowó kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìyàwó! Wọ́n ti pè mí o. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní wọ́n ní kí òun bi mí nípa ìwà rẹ, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi ní mo ti ń retí yín."

"Màmá, kí lẹ sọ fún un?"

"Ó ní ṣé o lè ṣiṣẹ́ tó le. Mo ní iṣẹ́ wo? Nílé tiwa, a kì í fọ́mọ fún ẹni tó máa fi ṣiṣẹ́ agbára! Ó ní ṣé ara rẹ gba ìdọ̀tí. Mo ní ìdọ̀tí kẹ̀? Ọmọ tó ń fi omi gbígbóná fọ ṣíbí kó tó jẹun! Mo ní bó bá rí ekòló, igbe ló ń ké. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò kan ìdọ̀tí rí, mo fi Ọlọ́run búra. Ó wá dákẹ́. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀."

"Màmá, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pè! Ará ilé Gbádérọ̀ kọ́!"

Màmá Agbowó la ẹnu, wọn ò rí i pa dé. Wọ́n wò ó bí ó ṣe ń sunkún, wọ́n sì bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í. "Gbádérọ̀ yìí, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ó ń rí mi lára, Màmá."

"Hẹn," ni Màmá Agbowó wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Túnráyọ̀ ti dé Olúyọ̀lé kí wọ́n tó ṣí ọ́fíìsì. Ìyáàfin Ṣọlá, ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ bàtà òjò, gbọ́ ìtàn náà láìrẹ́rìn-ín.

"Ohun tí o kọ sí fọ́ọ̀mù wù mí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n àgbà búra fún mi pé o ò lè ṣe é. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

"Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́, mà. Ẹ fún mi ní iṣẹ́ kí n ṣe."

Wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́, wọ́n sì fi àpò kan hàn án tí wọ́n kó láti inú odò lánàá. Kí ó tú u, kí ó ṣa ọ̀rá, ìgò àti agolo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mánsúrù dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Túnráyọ̀ tú àpò náà. Eku kan wà lókè, ó ti jẹrà, ìdin ń rìn nínú rẹ̀. Túnráyọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bì. Ó nu ẹnu, ó padà, ó gbé eku náà kúrò. Abẹ́ rẹ̀ burú ju òkè lọ. Ó tún bì, ó tún padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ bí kò ṣe omi kíkorò, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú àpò.

Ìyáàfin Ṣọlá wo òkìtì ọ̀rá, ìgò àti agolo tí ó ṣà sọ́tọ̀ náà. "Àwọn tó ní àwọn nífẹ̀ẹ́ àyíká, tí mo bá fi àpò yìí hàn wọ́n, wọ́n máa ń rántí pé àwọn ní ìpàdé níbòmíràn. Ìwọ bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o sì parí ẹ̀. Ọjọ́ Ajé, agogo méje. Má jẹ oúnjẹ tó wúwo wá."

Mánsúrù bá a lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó fẹ́ sún mọ́ ọn, ó rántí, ó dúró. Túnráyọ̀ wo aṣọ ara rẹ̀ tó ti bàjẹ́, ó gbọ́ òórùn ara rẹ̀. Òun ló rìn lọ bá a. "Àwa méjèèjì la jọ ń rùn," ni ó wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Oṣù kan kọjá, Túnráyọ̀ sì ti sọ ọ̀rọ̀ Mánsúrù fún ìyá rẹ̀. Mètírọ̀n ò bá ọmọ wọn jà mọ́, wọ́n kàn ń gbé korobá omi síta fún un nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún ajá. Lọ́jọ́ kan ìyá Gbádérọ̀ pè, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Mètírọ̀n gbéra, ó di Agbowó, Túnráyọ̀ tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí?"

"Èwo?" ni Màmá Agbowó wí. "Obìnrin kan pè, ó ní òun fẹ́ mọ̀ nípa ìwà Túnráyọ̀. Mo ṣe bí iléeṣẹ́ ló tún dé, mi ò ní bà á jẹ́ fún ọmọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ọmọ yìí lágbára bí akọ, ó ń wọ gọ́tà dé ìtan. Mo ní tó bá dé nírọ̀lẹ́, gbogbo ará ilé ló ń ṣí fèrèsé. Ó dákẹ́. Mo ṣe bí inú rẹ̀ dùn ni."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

"Èmi? Àgbà ti dé sí mi. Gbogbo ohùn ló jọra létí mi."

Obìnrin tó ń fi ikọ́ lásán dá ọmọ ilé-ìwé mọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri! Mètírọ̀n bú sẹ́kún. "Wọ́n ti bà mí lójú jẹ́. Ọmọ Ṣakí tó ń kó gọ́tà ló kù kó wá báyìí, ó tún jẹ́ mùsùlùmí."

"Bàbá tó bí bàbá wa ńkọ́? Ọ̀nà Mẹ́kà kọ́ ló kú sí?" ni Màmá Agbowó dáhùn. "Jẹ́ kó wá. Bí ojú ẹ ò bá gbà á, lé e."

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ ni Mánsúrù wá. Ó wọ agbádá funfun, ó fi lọ́fínńdà sára. Òjò ti ṣú tẹ́lẹ̀, àfi bí ó ṣe dé ẹnu géètì tó dà wàá. Gọ́tà iwájú ilé Mètírọ̀n kún, omi dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gorí àtẹ̀gùn, ó kọjú sí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ń fi oògùn nù láràárọ̀. Mètírọ̀n pariwo. Mánsúrù bọ́ agbádá, ó fi kọ́ igi géètì, ó sì kó sínú gọ́tà náà pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Túnráyọ̀ kó sí i tẹ̀ lé e. Wọ́n fa ohun tó dí ihò náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Mánsúrù ń tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn: ìgò oògùn apakòkòrò. Ọ̀kan, méjì, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà. Ní Bódìjà, ilé kan ṣoṣo ló ń ra oògùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Omi fà. Mètírọ̀n wo àwọn ìgò náà pẹ́, ojú wọn fún pọ̀ bí ẹni tó rí nǹkan ìríra. Wọ́n wọlé. Wọ́n gbé korobá omi gbígbóná jáde, ọṣẹ, aṣọ ìnura titun, wọ́n sì da gbogbo oògùn tó kù nínú ìgò kan sínú omi náà. Ìgò ṣófo. Ọwọ́ wọn nà sí gọ́tà bó ṣe ti mọ́ wọn lára, ó dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n rọra fi ìgò náà sí àpò aṣọ wọn.

Mánsúrù rò pé ó tó àkókò, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà.

"Dìde!" ni Mètírọ̀n ké, ọwọ́ kan lórí imú. "Dìde jọ̀ọ́, inú mi ti ń ru. Kò sí àna mi kankan tó máa fi irú òórùn yìí dọ̀bálẹ̀ fún mi. Lọ wẹ̀ ná."